Wáyà Àwòrán àti Wáyà Ohùn Nínú Ilé: Ibi Tó Yẹ Kí Owó Wa Lọ

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ iná, ẹ̀yin tó ń gun òrùlé lọ fi díìṣì síbẹ̀, ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ máa wo sinimá ní pálọ̀ ara yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí wáyà, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sára tẹlifíṣọ̀n àti èyí tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, gbogbo ìyókù ń tì í lẹ́yìn ni. Ẹni tó bá fẹ́ náwó sórí wáyà, kí ó ná an sórí bàbà gidi, sórí wáyà tó nípọn tó, àti sórí gígùn tí kò ju bó ti yẹ lọ. Wúrà tó ń dán lẹ́nu wáyà àti páálí aláràbarà kò yẹ fún owó yẹn. Mo máa ń wọ ilé tí wọ́n ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, tí wọ́n ra wáyà HDMI (èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀) olówó gọbọi, ṣùgbọ́n tí wáyà sípíkà tó wà nínú ògiri jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọjọ́ kan ni HDMI ṣeé pààrọ̀, èyí tó wà nínú ògiri ńkọ́?

Oníṣẹ́ tí a rán ni wáyà. Dikódà ló rán an, tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́ jẹ́ ẹ fún. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, tí kò fi kún un, tí kò sì yọ nínú rẹ̀, ó ti ṣe tirẹ̀. Bí àwòrán bá ti ń ṣókùnkùn láti ibi tí wọ́n ti tàtagbà rẹ̀ wá, kò sí wáyà tó lè tún un ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mú bébà àti bíírò. Ẹ ya gbogbo ohun tó wà ní pálọ̀ yín síbẹ̀: dikódà, ẹ̀rọ géèmù bó bá wà, tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, ańpílífáyà tàbí soundbar (sípíkà gbọọrọ tí à ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n), àti àwọn sípíkà. Lẹ́yìn náà ẹ fa ilà láti ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti ń jáde lọ sí ibi tó ń wọlé sí, kí ẹ sì kọ iye mítà sórí ilà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú díwọ̀n gígùn náà. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n gba ara ògiri àti igun ilé bí wáyà yóò ṣe gbà kọjá.

Nǹkan kan máa ń hàn nínú àwòrán bébà yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, fíìmù tó mọ́ jù lọ tí wọ́n ń wò kò gba inú wáyà HDMI kankan wọlé. Netflix àti YouTube wà nínú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, orí Wi-Fi ni àwòrán ń gbà wọlé. Ohùn nìkan ló ń wá ọ̀nà àtijáde lọ sí ańpílífáyà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò wáyà tó lágbára jù lọ lọ́jà, ohun tó nílò ni ọ̀nà tó dára tí ohùn yóò gbà padà. Màá sọ ọ́ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn wáyà àtijọ́, torí wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yín. Gbogbo wa la mọ oní-yẹ́lò, funfun àti pupa. RCA ni wọ́n ń pe ẹnu rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ Radio Corporation of America, tó mú un jáde láàárín ọdún 1930 sí 1940. Funfun ń gbé ohùn apá òsì, pupa ń gbé ti ọ̀tún. Yẹ́lò ń gbé àwòrán lódindi, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀ nínú wáyà kan, ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi máa ń ṣú lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá òde òní. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, búlúù àti pupa dára jù ú lọ, torí ó pín àwòrán sí mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: pupa méjì ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún àwòrán, ọ̀kan fún ohùn. Ẹni tó bá gbé wọn sí ipò ara wọn yóò rí àwọ̀ tó dàrú, yóò sì rò pé tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́. SCART wà pẹ̀lú, ẹnu ńlá oníhò 21 láti ilẹ̀ Faransé, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Péritel. Bí ẹ̀rọ yín bá ní HDMI, kò sí ìdí láti náwó sórí èyíkéyìí nínú wọn fún àwòrán.

HDMI wá dé. Ilé-iṣẹ́ méje ló pawọ́ pọ̀ ṣe é: Hitachi, Panasonic, Philips, Silicon Image, Sony, Thomson àti Toshiba. Oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni wọ́n gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Pín-ìnnì 19 ló wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ń gbé àwòrán àti ohùn, òmíràn ń gbé iná fóòtì (volt) 5, òmíràn ń jẹ́ kí rìmóòtù kan darí ẹ̀rọ méjì. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí dikódà bi tẹlifíṣọ̀n pé, "Irú àwòrán wo lo lè gbà?" Bí ìbéèrè yìí kò bá rí ìdáhùn, ojú tẹlifíṣọ̀n yóò dúdú, bí àwọn pín-ìnnì tó ń gbé àwòrán tilẹ̀ pé.

Ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ wa jù lọ nìyí, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ó rí páálí tí wọ́n kọ "HDMI 2.1" gàdàgbà sí. Ẹ̀rọ ló ni nọ́ńbà yẹn. Ìsọ̀rí ni àwọn tó ń ṣàkóso HDMI fi ń pe wáyà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà ẹ̀dà ta á. High Speed ń gbé gígábíìtì (ìwọ̀n ìsọfúnni tó ń gba inú wáyà kọjá) 10.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Premium High Speed ń gbé 18, ìyẹn sì tó fún àwòrán 4K (èyí tó mọ́ ju HD lọ) tó ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ultra High Speed ń gbé 48. Ó yẹ kí ìlẹ̀mọ́ tí fóònù lè yẹ̀ wò wà lára páálí Ultra High Speed. Bí kò bá sí níbẹ̀, owó Ultra kọ́ ló yẹ kí ẹ san.

Ta ló wá nílò èwo? Dikódà díìṣì wa tó ń gbé HD jáde kò tilẹ̀ lo gbogbo agbára High Speed. Ẹ ra High Speed fún un, kí ẹ sì fi owó tó kù sápò. Ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù 4K jáde, Premium High Speed ló tọ́ sí i. Ẹ̀rọ géèmù PlayStation 5 tàbí Xbox Series X lórí tẹlifíṣọ̀n tó lè yí àwòrán ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìkan ló ń béèrè Ultra High Speed, PlayStation 5 sì ń mú tirẹ̀ wá nínú páálí. Mo ti rí ẹni tó gbé èyí tó bá ẹ̀rọ wá jù sínú dúrọ́ọ̀, tó lọ ra òmíràn.

Ohun tó ń gba inú HDMI kọjá, òǹkà ni, òdo àti ení. Bí wáyà bá lágbára tó, gbogbo òǹkà yóò dé pé, àwòrán yóò sì jẹ́ ọ̀kan náà lórí wáyà olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó ńlá. Bí kò bá lágbára tó, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ ó rí àwọn ààmì funfun kéékèèké tó ń tàn yanranyanran lórí àwòrán, tàbí kí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó padà, tàbí kí ó kọ pé òun kò rí nǹkan kan. Àwọ̀ kì í ṣá díẹ̀díẹ̀, ojú ènìyàn kì í sì í mọ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wáyà HDMI òun ń jẹ́ kí àwọ̀ pupa pupa sí i, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ló sọ.

Gígùn ló ń pa HDMI. Wáyà bàbà tó jẹ́ Ultra High Speed kì í sábà ju mítà 5 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé pírójẹ́kítọ̀ kọ́ sí òkè àjà, tí wáyà yóò rin mítà 10 tàbí 15, kí ó ra irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Irú wáyà yìí ní orí àti ìdí: wọ́n kọ "Source" sí ẹnu tó ń lọ sí ibi tí àwòrán ti ń wá, àti "Display" sí èkejì. Bí ẹ bá fà á sódì, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ wo fíìmù kan lórí rẹ̀, kí ẹ tó fà á wọ inú ògiri.

Ní ti wúrà ẹnu wáyà, wúrà kì í dípẹtà. Ní etí òkun, bíi Badagry àti Lẹ́kí, níbi tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, ìyẹn wúlò díẹ̀ kí ẹnu wáyà má baà ṣá. Àwòrán kò rí àǹfààní mìíràn níbẹ̀.

Ohùn tó ń padà bọ̀ láti inú tẹlifíṣọ̀n wá kàn. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín dáadáa, ẹ ó rí ihò HDMI kan tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC (ARC tuntun tó lágbára jù ú lọ) sí. Ihò yìí ń gba àwòrán wọlé, ó sì ń dá ohùn padà lórí wáyà kan náà. Ọdún 2009 ni ARC dé, pẹ̀lú ẹ̀dà 1.4. Ó lè gbé Dolby Digital Plus, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà di ohùn pọ̀, òun sì ni Netflix fi ń gbé ohùn Atmos, èyí tó ń dún yí ni ká títí kan òkè orí, jáde. Nítorí náà, ẹni tí kò wo nǹkan ju Netflix lọ kò nílò láti pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n torí eARC. Ẹni tó ní díìsìkì Blu-ray tó fẹ́ gba ohùn rẹ̀ láìsí ohun tí wọ́n gé kúrò, tó sì so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, òun ni eARC wà fún. Ẹ má gbàgbé pé ihò kan yẹn nìkan ni. Bí ẹ bá ki wáyà soundbar sínú ihò HDMI mìíràn, ẹ ó máa retí ohùn tí kò ní dé.

Bí kò bá sí ARC, TOSLINK wà, wáyà tí iná pupa ń tàn lẹ́nu rẹ̀. Toshiba ló gbé e jáde ní ọdún 1983. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní mìlímítà 1 ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ó lè gbé Dolby Digital oní-5.1 (sípíkà márùn-ún àti ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀), kò lè gbé Atmos. Ẹ má ká a ní kíká líle, ike inú rẹ̀ lè dá.

Mo ti dé ibi tí ọkàn mi wà. Wáyà sípíkà kì í gbé òǹkà. Iná gidi tó ń ti ara sípíkà síwá sẹ́yìn ló ń gbé, ohun tí wáyà bá sì jẹ nínú iná yẹn kò ní dé sípíkà. Níbí ni ìwọ̀n wáyà ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àwọn oníná mọ wáyà 1.5 tí a ń fi ṣe iná báńbù, wọ́n mọ 2.5 tí a ń fi ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ wáyà sípíkà, mìlímítà onígun mẹ́rin. Wáyà bàbà 1.5 ń dènà iná tó tó óòmù (ìwọ̀n ìdènà iná) 0.012 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí sípíkà bá jìnnà ní mítà 10, iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, mítà 20 ni. Ẹ sọ 0.012 di ìlọ́po 20, ó di óòmù 0.24. Bí wọ́n bá kọ óòmù 8 sẹ́yìn sípíkà, ìdá 3 nínú 100 nìyẹn. Òfin tí à ń tẹ̀lé ni pé kí wáyà má ju ìdá 5 lọ. 1.5 ti tó. Ṣùgbọ́n bí sípíkà bá jẹ́ óòmù 4, ìdá 6 ni, ó ti kọjá. Ẹ gbé 2.5: óòmù 0.15 ni yóò jẹ́ lórí mítà 10 náà, kò pé ìdá 4 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó ń kọ́lé pé kí ó ki 2.5 sínú ògiri, torí kò mọ irú sípíkà tí òun yóò rà lọ́jọ́ iwájú.

Bí ẹ bá rí wáyà Amẹ́ríkà, AWG ni wọ́n ń kọ sí i, nọ́ńbà ibẹ̀ sì ń lọ sódì: bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni wáyà ń nípọn. AWG 16 sún mọ́ 1.3, AWG 14 sún mọ́ 2.1, AWG 12 sún mọ́ 3.3.

Gbogbo ìṣirò yìí, bàbà ni mo fi ṣe é. Ayédèrú tó kún ọjà ni èyí tí wọ́n kọ CCA sí lára, tàbí tí wọn kò kọ ohunkóhun sí. Alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, bàbà tó wà lórí rẹ̀ kò ju ìbòrí lọ. Agbára alumíníọ̀mù láti gbé iná kò ju bí ìdá 60 nínú 100 ti bàbà lọ, nítorí náà ẹni tó ra 2.5 irú rẹ̀, bí ẹni ra bàbà 1.5 ló rí. Ó tún máa ń dá bí a bá ká a lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lábẹ́ ìdè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n bó orí rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn kan ṣoṣo. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù ni. Bàbà kan wà tí wọ́n fi tánganran (tin) bò, òun funfun lóde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ha á, pupa ni ẹ ó bá nínú: ojúlówó nìyẹn, ẹ má sá fún un. Ẹ gbé róòlù méjì lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bàbà wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ sí i, ọwọ́ yín yóò mọ̀.

Wáyà sípíkà ní apá méjì, ọ̀kan sì ní ààmì lára: ilà, tàbí àwọ̀ pupa. Ẹ jẹ́ kí apá tó ní ààmì wà ní pupa lẹ́yìn ańpílífáyà àti ní pupa lẹ́yìn sípíkà, kí gbogbo sípíkà ilé rí bákan náà. Bí ọ̀kan bá yí sódì, sípíkà kan yóò máa tì síwájú nígbà tí èkejì ń fà sẹ́yìn, béèsì (ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún kìjikìji) yóò sì pòórá láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ń lọ ra sípíkà béèsì tuntun nígbà tó jẹ́ pé wáyà kan ló yí. Bí ààmì bá ti parẹ́, ẹ yọ wáyà méjèèjì kúrò lẹ́yìn ańpílífáyà, kí ẹ kan orí wọn mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì fóòtì 1.5 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹlòmíràn máa wo sípíkà. Bí ojú sípíkà bá yọ síta, apá tó wà lára pọ́síítíìfù bátìrì ni pupa.

Wáyà díìṣì, màá gé e kúrú. Óòmù 75 ni, RG-6 ni kí ẹ béèrè. Dikódà ń rán iná fóòtì 13 tàbí 18 gba inú rẹ̀ lọ sí orí díìṣì, àwòrán sì ń gba inú rẹ̀ kan náà bọ̀. Ẹ mú òòfà lọ́wọ́: bí okùn àárín bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni, bí ó bá sì ti jìnnà, iná yẹn kì í dé orí díìṣì pé. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níta. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ ń sọ okùn híhun tó yí i ká di dúdú. Ní àkókò òjò, bí àrá bá ti ń kù, ẹ yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn dikódà. Pípa iná nìkan kò tó, torí agbára mànàmáná lè gba wáyà díìṣì wọ dikódà, kó sì ti ibẹ̀ gba HDMI wọ tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde, wọ́n ní sípíkà àwọn ń kùn "hùùù" ṣáá, fíìmù ìbáà máa lọ tàbí kó má lọ. Mo ní, Mà, iná ilé wa tó ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ ń gbọ́. Ẹ yọ wáyà díìṣì wò. Bí kíkùn náà bá dúró, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ yín ń gbà kan ilẹ̀, ìyẹn ló ń fà á. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ náà sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tàbí kí ẹ fi TOSLINK gbé ohùn, torí ìmọ́lẹ̀ kì í gbé iná ilẹ̀ kọjá. Mo sì bẹ̀ wọ́n pé, bí oníná kan bá fẹ́ gé pín-ìnnì earth, èyí tó ń kan ilẹ̀, lára pílọ́ọ̀gì kí kíkùn lè lọ, kí wọ́n má gbà. Pín-ìnnì yẹn ló ń gba ẹ̀mí là.

Arákùnrin kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní kí n sọ ohun tí òun yóò kì sínú ògiri. Wáyà sípíkà bàbà 2.5 lọ sí igun kọ̀ọ̀kan, RG-6 méjì láti òrùlé, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì Cat6 kan sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Kí ó má sin HDMI sínú sìmẹ́ńtì. Páìpù òfìfo ni kí ó sin, kí ó fẹ̀ ju mìlímítà 30 lọ, torí orí HDMI kì í sábà gba inú páìpù 20 tí à ń lò fún iná, kí igun rẹ̀ yí gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀, kí okùn kan tí wọn yóò fi fa wáyà sì wà nínú rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí páìpù wáyà iná jìnnà sí i, bí wọ́n bá sì gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Kí bíríkìlà tó lẹ ògiri, kí ó fi fóònù ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára ògiri, kí ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó lọ́la lè mọ ibi tí wáyà gbà.